"Òmìnira", "ìyapa", "ìdádúró": kí la máa pe ohun tí Skọ́tlándì ń fẹ́?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Kétu, ní Benin.

Ìbéèrè tí àbúrò wa kan fi ránṣẹ́ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kò gùn. Ó ń tú ìròyìn láti èdè Faransé sí Yorùbá fún rédíò, ó bá "l'indépendance de l'Écosse" pàdé, ìyẹn pé kí Skọ́tlándì kúrò lábẹ́ ìjọba Lọ́ńdọ̀nù kó máa dá ṣe ìjọba tirẹ̀, ó ní kí ni kí òun pè é. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn dáhùn pé kí ló tún ń da èèyàn láàmú níbẹ̀, ṣebí "òmìnira" ti wà nílẹ̀, òun làwa náà gbà ní 1960. Bàbá wa kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní ó tì o, "ìyapa" ni, nítorí ẹni tó bá kúrò lára ẹlòmíràn, ó yapa ni. Ẹnì kẹta, tí mo fura pé ọ̀dọ́ ni, rọ "ìdádúró" fún wa, ó sì ní kí á gbà á bẹ́ẹ̀ kí á lọ sùn.

Èmi náà ń ka ìròyìn nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Lójú tèmi, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yẹ kí akàròyìn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. A ti ní ohun tí a ó sọ tẹ́lẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò fún yín.

Òmìnira ló lágbára jù, òun ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kétu mọ̀ pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ni ọjọ́ òmìnira tiwa, bí àwọn ará Nàìjíríà ṣe ní tiwọn ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó máa ń gba òmìnira nínú èdè wa. Ẹrú ń gbà á. Ẹlẹ́wọ̀n ń gbà á. Ọmọ iṣẹ́ tó bá parí lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n ṣe ayẹyẹ "libération" fún un pẹ̀lú ìlù àti àtíkè, òun náà gba òmìnira. Gbogbo wọn ló ní ẹnì kan lókè orí tó di wọ́n mú. Nígbà tí ogun Àgbómẹ̀ fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ, àwọn tó padà wálé lẹ́yìn tí Faransé ti gba Àgbómẹ̀ ní 1892, òmìnira ni wọ́n gbà, ọ̀rọ̀ náà bá wọn mu wẹ́kú. (Pé abẹ́ Faransé ni wọ́n tún bọ́ sí, ìyẹn dọjọ́ mìíràn.)

Skọ́tlándì ńkọ́? Ní 1603, nígbà tí Elizabeth, ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wàjà láìbímọ, James kẹfà tó jẹ́ ọba Skọ́tlándì ni adé kàn. Ọba tiwọn ló lọ gorí ìtẹ́ ẹlòmíràn! Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, ọba kan, ilé aṣòfin méjì. Ó di 1707 kí àwọn aṣòfin méjèèjì tó fọwọ́ sí i pé kí ilé náà di ẹyọ kan, ìdàpọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ará Skọ́tlándì ti kó owó rẹpẹtẹ lé ìlú kan tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ dó sí Darien, ní apá ibi tí Panama wà lónìí, ìlú náà dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní nǹkan bí ọdún 1700, gbèsè sì wọ ilé àwọn ọlọ́lá. Títí di òní làwọn kan ń sọ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló mú àwọn aṣòfin náà gbà, àwọn aráàlú sì dà sí ìgboro Edinburgh, olú-ìlú wọn, lákòókò náà láti fi ìbínú wọn hàn. Mi ò jiyàn. Síbẹ̀, ilé aṣòfin tiwọn ló dìbò, wọn kò kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú. Ìjọ wọn, òfin ilé ẹjọ́ wọn àti ètò ẹ̀kọ́ wọn kò sì bá ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dà pọ̀ títí di òní.

Tí akàròyìn bá wá ní "Skọ́tlándì ń wá òmìnira", ó ti gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan kí gbólóhùn rẹ̀ tó parí. Ìyá tó ń dín àkàrà pẹ̀lú rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á béèrè pé ta ló mú wọn. Ẹ̀gbọ́n wa lè dá mi lóhùn pé àwọn kan lọ́hùn-ún ń pariwo òmìnira fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi sí wọn lẹ́nu nígbà náà: "wọ́n ní òmìnira làwọn ń fẹ́." Ìyẹn kò burú rárá. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, ẹ ti jíṣẹ́ fún wọn.

Bàbá wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ èyí. Ìyapa ní àrùn kan náà, ẹ̀gbẹ́ kejì ló kàn dúró sí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti wà nínú ìjọ tí wọ́n ti jà rí bóyá ó ti gbọ́ "ìyapa" tí wọ́n fi ṣe oríyìn fún èèyàn. Ẹni tó yapa jẹ̀bi kó tó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ní Skọ́tlándì pàápàá, àwọn tí kò fẹ́ kí ìdàpọ̀ tú ló fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tó fẹ́ kó tú kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Àwa tí a ń ka Faransé ti rí i ní Québec tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí Québec kúrò lára Kánádà ń pe ara rẹ̀ ní "souverainiste", ẹni tó fẹ́ dá ṣe ìjọba ara rẹ̀, ẹni tó ń bá a jà ń pè é ní "séparatiste", ayapa, ẹnì kan náà ni o! Ní 1980, René Lévesque, olórí ìjọba Québec nígbà náà, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dá rìn, ó so nǹkan mọ́ ọn nídìí, ó ní "souveraineté-association", kí á dá ṣe ìjọba kí àjọṣe sì wà, bí ọmọ tó ní òun fẹ́ kó jáde nílé ṣùgbọ́n kí ìyá òun máa bu oúnjẹ sílẹ̀ de òun. Bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn kò fẹ́. Ní 1995 wọ́n tún béèrè, ìbéèrè náà gùn bí ọ̀nà Parakou: ṣé o gbà kí Québec di "souverain" lẹ́yìn tó bá ti fi àjọṣe tuntun lọ Kánádà? Ìdá 50.58 kọ̀, ìdá 49.42 gbà. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá kéré tó bẹ́ẹ̀, èèyàn á bi ara rẹ̀ léèrè iye ẹni tó dìbò fún "souverain" àti iye ẹni tó dìbò fún "àjọṣe". Ilé aṣòfin Kánádà ṣe òfin kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 2000, pé tí wọ́n bá tún máa béèrè irú rẹ̀, ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ yéni yékéyéké.

Ìdádúró wá kù. Ojú mi fẹ́ràn rẹ̀, etí mi kò gbà á.

Ẹni tó rọ ọ́ ronú. Kí nǹkan dá dúró, kó má fara ti ẹnikẹ́ni, ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n "dá dúró" tó ń gba ẹnì kan sáàárín tún wà. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Ọ̀gá dá òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Dùánì, ìyẹn àwọn aṣọ́bodè, dá ìyá oníṣòwò dúró ní Ìlárá, wọ́n ní kó tú ẹrù rẹ̀. Nígbà tí a bá fi "ì" síwájú wọn láti sọ wọ́n di orúkọ, méjèèjì á di ìdádúró kan náà, àmì ohùn kò sì lè là wọ́n. Inú ìwé ìròyìn, èyí tó jẹ́ ti lílé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ló pọ̀ jù.

Kí n má baà máa fi ẹnu lásán sọ ọ́, mo ka orí ìròyìn kan sí etí ọmọkùnrin tó ń bá mi tún alùpùpù mi ṣe, mi ò ṣàlàyé nǹkan kan: "Ìdádúró Skọ́tlándì: ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀." Ó ń fi sáńpépà ha ẹnu bùjí (pílọ́ọ̀gì) lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Fífà ti dá wọn dúró? Kí ni wọ́n ṣe?" Ó rò pé wọ́n ti yọ wọ́n nínú ìdíje ni. Mo wá ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù, pé wọ́n fẹ́ máa dá ṣe ìjọba tiwọn ni. Ó wá fẹ́ atẹ́gùn sí bùjí náà, ó wò ó lójú oòrùn, ó ní, "Tíṣà, àbí wọn kì í ṣe orílẹ̀-èdè tẹ́lẹ̀ ni? Ṣebí wọ́n ní tíìmù tiwọn."

Gbogbo ohun tí a ti kọ síbí láti ọjọ́ yìí, kò sí èyí tó tó ìbéèrè yẹn. Wọ́n ní tíìmù lóòótọ́: ìdíje bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjì tí Fífà mọ̀, Skọ́tlándì àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbá a, ní 1872, nítòsí Glasgow, wọ́n sì ta ọ̀mì, òdo sí òdo. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pe Skọ́tlándì ní orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀ kò ní ìjókòó ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Nítorí náà, "orílẹ̀-èdè" gan-an ló yẹ kó ti máa dà wá láàmú, kì í ṣe òmìnira.

Tí a bá tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, orílẹ̀ ni, èdè ni. Ta ló wá jẹ́ orílẹ̀-èdè nínú wa? Fọ̀n ń sọ tiwọn, Gùn ń sọ tiwọn, Bàríbá àti Dẹ́ńdì wà lókè, àwa náà ń sọ tiwa, a sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní 1889 ló fi Kétu sílẹ̀ níbí tó sì gbé Ìmẹ̀kọ sí ọ̀hún, orílẹ̀ kan náà, èdè kan náà, ìwé ìrìnnà méjì. Skọ́tlándì kò yàtọ̀: Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ, Skọ́ọ̀tì wà, Gáẹ́líìkì sì wà lẹ́nu ìwọ̀nba èèyàn, pàápàá ní àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀, ó ti di ti àsíá àti orin ìjọba. Mi ò ní kí á pààrọ̀ rẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Mo kàn ní kí á rántí pé kò tó, tó bá dá wà, láti sọ pé ibì kan kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo ìbéèrè tí wọ́n kọ sínú ìwé ìdìbò ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án 2014. Ní èdè wa: "Ṣé ó yẹ kí Skọ́tlándì jẹ́ orílẹ̀-èdè tó dá dúró?" Ọmọ tó ń tún alùpùpù ṣe rí ìdáhùn rẹ̀ níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè ni wọ́n tẹ́lẹ̀, "tó dá dúró" ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ "orílẹ̀-èdè tó dá dúró" tí á rò pé wọ́n lé e kúrò nínú ìdíje. Ìgbà tí a fi "ì" síwájú ni wàhálà dé. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń gbé èdè wa rìn. Faransé ló máa ń kó gbogbo ìṣe ayé sínú orúkọ, "l'indépendance", "la souveraineté", "la séparation", àwa atúmọ̀ sì ti jókòó ti orúkọ wọn, a ń wá orúkọ tiwa. Tí ìròyìn bá ní "l'indépendance de l'Écosse fait débat", ẹ sọ pé "àwọn ará Skọ́tlándì ń jiyàn bóyá kí ilẹ̀ wọn dá dúró". Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n wa lè ní orí ìròyìn kò gba gbólóhùn gígùn. Ẹ̀gbọ́n, orí ìròyìn Yorùbá wo ló kúrú? Rédíò ni a wà, a kò ta ààyè.

Ìbéèrè 2014 yẹn ní ìtàn tó yẹ kí àwa tí a ń rọ ọ̀rọ̀ mọ̀. Bí ìjọba Alex Salmond, tó jẹ́ olórí ìjọba Skọ́tlándì nígbà náà, ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́ kọ́ nìyẹn. "Ṣé o gbà pé ó yẹ kí Skọ́tlándì jẹ́ orílẹ̀-èdè tó dá dúró?" ni wọ́n kọ. Àjọ tó ń bójú tó ètò ìdìbò gbé e fún àwọn aráàlú wò, nígbà tó sì di oṣù kìn-ín-ní 2013, wọ́n ní kí wọ́n yọ "ṣé o gbà" kúrò, nítorí ó ń ti èèyàn sí "bẹ́ẹ̀ ni". Ìjọba náà yọ ọ́. Mo rò pé Yorùbá ni ìbéèrè yẹn ìbá bàjẹ́ sí jù. Níbí, tí àgbà bá wò ọ́ lójú tó ní "ṣé o gbà?", ìdáhùn ti wà nínú ìbéèrè, ìwọ tó bá ní "n kò gbà" ti di aláfojúdi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọmọ Kétu, kó má fi "ṣé o gbà" bẹ̀rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" fúnra wọn kò mọ́ tó bí a ṣe rò. Tí mo bá bi yín pé "ṣé ẹ ò tíì jẹun?", tí ẹ ní "bẹ́ẹ̀ ni", ebi ń pa yín, Faransé tó bá sọ "si" lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti jẹun yó. Èyí tó tún le jù ni ibi tí bẹ́ẹ̀ ni ń kọjú sí. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án 1958, nígbà tí de Gaulle, olórí ìjọba Faransé, bi gbogbo àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé bóyá wọ́n máa wà nínú "Communauté" rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ Faransé àti àwọn ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ pé kí á wà pẹ̀lú Faransé, bẹ́ẹ̀ kọ́ jẹ́ pé kí á bọ́ síta. Guinea ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n sì bọ́ síta kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Benin tiwa nígbà náà, ní bẹ́ẹ̀ ni. A di "république" ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá ọdún náà, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó ń pè wá ní orílẹ̀-èdè tó dá dúró. Ó tó oṣù kẹjọ 1960 kó tó rí bẹ́ẹ̀. Skọ́tlándì yí i padà: bẹ́ẹ̀ ni ti 2014 ni ìbò ẹni tó fẹ́ bọ́ síta. Bẹ́ẹ̀ ni tí wọ́n dì ní Àjàṣẹ́ ní 1958 àti bẹ́ẹ̀ ni tó borí ní Glasgow ní 2014 kọ ẹ̀yìn síra wọn. Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn, ẹ má ṣe sọ pé "àwọn Bẹ́ẹ̀ ni pàdánù" kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó di ìdìbò lórí àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ní 2016, wọn kò lo bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́, "kí á dúró" tàbí "kí á kúrò" ni wọ́n kọ. Ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Skọ́tlándì ní kí wọ́n dúró, wọ́n sì bá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò tipátipá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ti fẹ́ tutù tún ti gbóná padà. Àwọn tó sọ ní 2014 pé ẹni tó bá fẹ́ wà nínú Yúróòpù kó má fọwọ́ kan ìdàpọ̀ kò rí ẹnu sọ ọ́ mọ́.

Ìdáhùn méjì péré ló wà nínú ìwé ìdìbò 2014 yẹn. Ọ̀pọ̀ ìbá fẹ́ ẹ̀kẹta, pé kí Edinburgh gba àṣẹ púpọ̀ sí i láìkúrò, ṣùgbọ́n David Cameron, olórí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, kò gbà. Àwa ní Benin ti ṣe ti ìdáhùn mẹ́ta rí, ní oṣù kejìlá 1990: o lè gba òfin-ìpìlẹ̀ bó ṣe wà, o lè gbà á láìsí gbèdéke ọjọ́ orí fún ẹni tó fẹ́ jẹ ààrẹ, o sì lè kọ gbogbo rẹ̀. Èèyàn ò kú.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ yẹn ló mú kí àbúrò wa kan fi "àṣẹ àyálò" sílẹ̀ fún ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1999, nígbà tí wọ́n dá ilé aṣòfin padà sí Edinburgh lẹ́yìn tí ìdá 74.3 nínú àwọn tó dìbò ní 1997 ní àwọn fẹ́ ẹ. (Wọ́n ti dìbò irú rẹ̀ ní 1979, ìdá 51.6 gbà, ṣùgbọ́n òfin ní àfi tí àwọn tó gbà bá tó ìdá 40 gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀, ẹni tó jókòó sílé ni wọ́n fi borí.) Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i, nítorí "ọ̀rọ̀ àyálò" la máa ń pe ọ̀rọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ èdè mìíràn, ta ló sì dá ọ̀kan padà rí? Ó jọ pé ó bá a mu: ilé ìwòsàn àti ilé-ìwé wà lọ́wọ́ Edinburgh, ọmọ ogun àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wà lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Nicola Sturgeon, tó gba ipò lẹ́yìn Salmond, sì fẹ́ kí wọ́n tún dìbò ní oṣù kẹwàá 2023, adájọ́ márùn-ún ní ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹnu kò ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kọkànlá 2022 pé ilé aṣòfin Edinburgh kò ní àṣẹ láti ṣe òfin ìdìbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní nǹkan ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa lò ó. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà á fún ìròyìn. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2016 ní ilé aṣòfin náà kò ṣeé pa rẹ́, àfi tí àwọn ará Skọ́tlándì fúnra wọn bá dìbò pé kó lọ. Ohun tí olówó rẹ̀ kò lè gbà padà, èèyàn ò lè pè é ní àyálò kó má dákú. "Àṣẹ tí Lọ́ńdọ̀nù pín fún Edinburgh" tó fún mi. Ìṣe náà ni, ẹ rí i.

Ẹni tó dá "ìkábíyèsí" lábàá fún "souveraineté", àṣẹ tí kò sí ti ẹnikẹ́ni lókè rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Tó bá jẹ́ ẹ̀fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ká-bi-ọ́-kò-sí: ta ló wà lọ́hùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò lè bi? Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ilé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù ni. Àwọn ará Skọ́tlándì kan kọ ìwé ní 1989, "Claim of Right" ni wọ́n pè é, wọ́n ní aráàlú ni. Ọba alára kò sì sí nínú ìjà náà rárá. Ìwé tí ìjọba Salmond gbé jáde ní oṣù kọkànlá 2013 sọ pé bí Skọ́tlándì bá dá dúró, Elizabeth kejì, ọbabìnrin ìgbà náà, ló ṣì máa jẹ́ olórí wọn. 1707 ni wọ́n fẹ́ tú, wọn kò fọwọ́ kan 1603. Owó pọ́n-ùn pàápàá, wọ́n ní àwọn á máa ná an lọ, Lọ́ńdọ̀nù ló ní òun kò ní bá wọn ná an pọ̀. Ẹ wá sọ fún mi, ẹni tó fẹ́ máa ná owó rẹ, tó fẹ́ máa kí ọba rẹ, ṣé òmìnira ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ ni? Ó fẹ́ dá dúró, ó fẹ́ máa dá ṣe òfin tirẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì kéré.

Fún ti 1707, "ìdàpọ̀" ni mo fara mọ́. Ìṣọ̀kan wà nínú ọkàn, èèyàn méjì lè dà pọ̀ kí wọ́n má ṣọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí "Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan" (United Kingdom) wà bó ṣe wà, orúkọ ló ti di.

Ó tán, bí mo ṣe máa kà á nìyí:

"Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n bi àwọn ará Skọ́tlándì bóyá ó yẹ kí orílẹ̀-èdè wọn dá dúró, kó má sí lábẹ́ ìjọba Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò, bí 55 ní rárá, bí 45 ní kó dá dúró. Ọmọ ọdún 16 àti 17 wà lára àwọn tó dìbò. Láti ìgbà náà, àwọn tó fẹ́ kí Skọ́tlándì dá dúró ti ní kí wọ́n tún bèèrè. Ìjọba Lọ́ńdọ̀nù kò tíì gbà."

Ẹ kà á sókè fún ara yín kí ẹ tó dá mi lóhùn. Níbí, tí ọ̀rọ̀ kan kò bá ṣeé gbé lẹ́nu fún eléfẹ̀ lálẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò ní pẹ́ tí á fi kú, ẹni tó bá sì gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjọba kì í wọ́n níbẹ̀. "Kí wọ́n dá dúró" á wọ orin. "Ìdádúró-orílẹ̀-èdè" kò ní wọ̀ ọ́.

Orúkọ ibẹ̀ ló kù. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń kọ Skọ́tlándì, ẹ fi ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe é. Àwa gbọ́ "Écosse" lẹ́nu Faransé, ó sì di Ẹkọ́ọ̀sì lẹ́nu wa. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò mi gbọ́ ọ bí Èkó, ó ní ṣé Èkó ló fẹ́ kúrò lára Nàìjíríà ni, ọmọ òun kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Skọ́tlándì ni mo máa kọ, kí ìdààmú má baà pọ̀. Bàbá wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí ẹ bá ti dárí jì mí lórí ìyapa, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ yín?